Orúkọ Òwú Kù, Orúkọ Aránṣọ Sọnù: Díẹ̀ Nínú Ìtàn Crewel

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá gbọ́ ọ láì rí i lákọsílẹ̀, ìkà ni yóò rò pé wọ́n ń sọ. Crewel ni ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n ṣe ń pe cruel ni wọ́n ṣe ń pè é, Shakespeare sì ti fi èyí dá àpárá nínú eré King Lear. Nígbà tí aláwàdà ọba bá Kent níbi tí wọ́n ti kan àbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó fi okùn ìbọ̀sẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, ó sì lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí etí lè gbà sí ìkà, tó sì tún lè gbà sí crewel. Àwàdà náà dùn nítorí pé àwọn òǹwòran mọ crewel dáadáa. Òwú ni. Wọ́n ń fi ṣe okùn ìbọ̀sẹ̀, àwọn obìnrin sì ń fi ṣe ọnà sára aṣọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di "òwú ni" yẹn mú, nítorí òun ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ rọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń ra ìrọ̀rí crewel rò pé irú ìránṣọ kan ni orúkọ yẹn, tàbí irú àwòrán kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òwú irun àgùntàn ni, fọ́nrán méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀, tí wọ́n ti kọ́kọ́ ya irun rẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè na sí ọ̀nà kan náà. Òwú tí wọ́n bá ya irun rẹ̀ báyìí ni wọ́n ń pè ní worsted, láti ara Worstead, abúlé kan ní Norfolk tó lókìkí fún aṣọ irun àgùntàn láyé àtijọ́. Ẹ ò rí i? Orúkọ ìletò di orúkọ òwú, orúkọ òwú mìíràn sì di orúkọ iṣẹ́. Gbogbo nǹkan ló ń rí orúkọ gbà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àfi ẹni tó jókòó tó ń gún abẹ́rẹ́.

Ní tiwa, èdè Yorùbá ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè fún irú òwú yìí. Òwú ni ohun tó ń hù lóko, òwú náà ni à ń ran, ní ohùn àárín, òun náà la sì fi ń rán aṣọ, ní ohùn òkè. Nítorí pé oko òwú ni tiwa ti ń wá, kò sí ìdí tí èdè fi máa ya wọ́n sọ́tọ̀. Àgùntàn ilẹ̀ wa ò sì ní irun tí ènìyàn lè ran. Irun pẹlẹbẹ, kúkúrú, bíi ti ewúrẹ́ ló wà lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì fi ní láti máa sọ pé "irun àgùntàn", tí wọ́n sì lo "ọ̀gbọ̀" fún aṣọ linen. Ẹ ṣí Deutarónómì 22:11, ẹ ó rí i níbẹ̀ pé Òfin Mósè ò gbà kí ọmọ Ísírẹ́lì wọ aṣọ tí irun àgùntàn àti ọ̀gbọ̀ bá jọ wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ irun àgùntàn lórí ọ̀gbọ̀ ni crewel gan-an! Mo fi èyí yọ ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ àlùfáà lẹ́nu nígbà kan. Ó ní wíwọ̀ ni wọ́n kà léèwọ̀, wọn ò sọ nǹkan kan nípa kéèyàn gbé orí lé e.

Iṣẹ́ irun àgùntàn lórí ọ̀gbọ̀ tó lókìkí jù lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Bayeux Tapestry, tó sọ bí William ará Normandy ṣe gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066. Orúkọ yẹn náà ò péye. Tapestry ni ohun tí wọ́n hun àwòrán rẹ̀ mọ́ ọn lórí òfì. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe ti Bayeux. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó 70 mítà. Ara ewéko ni wọ́n ti rí aró rẹ̀: madder fún pupa, weld fún àwọ̀ ìyeyè, àti woad, tó jẹ́ èlú tiwọn, fún búlúù. Ọ̀nà méjì ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Àkọ́kọ́ ni stem stitch, tí wọ́n fi ń fa ìlà. Èkejì ni kí wọ́n tẹ́ òwú síra gbọọrọ kó bo àyè, kí wọ́n wá fi òwú mìíràn dábùú rẹ̀ láti dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ ọba, ti bíṣọ́ọ̀bù àti ti jagunjagun sí i lára lédè Látìn. Orúkọ ẹni kan ṣoṣo nínú àwọn tó rán an kò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí oníṣẹ́ ọnà bá sọ pé "crewel" lónìí, ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ló máa ń wà lọ́kàn rẹ̀. Jacobean ni wọ́n ń pe àrà ìgbà náà, láti ara Jacobus, tó jẹ́ James lédè Látìn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé Ìwé Jákọ́bù nínú Bíbélì wa ni àwọn Òyìnbó ń pè ní James, ọ̀rọ̀ yìí ò ní ṣòro fún yín. Ọba James Kìíní ti kú ní 1625. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aṣọ Jacobean tó ṣẹ́ kù sì rèé, lẹ́yìn 1660 ni wọ́n rán wọn. Bí orúkọ bá ti lẹ̀ mọ́ nǹkan, àtiyọ rẹ̀ di ìṣòro, kódà bó bá fi ogójì ọdún ṣìnà.

Aṣọ ibùsùn ni wọ́n. Ilé ń tutù nígbà náà, atẹ́gùn ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ibùsùn olówó a sì ní òpó mẹ́rin tí wọ́n máa ń fi aṣọ ta yíká bí àgọ́. Ara aṣọ ìta yìí ni obìnrin ti ń ṣe iṣẹ́ tó lè gbà á lọ́dún púpọ̀. Igi ńlá kan á yọ láti ara òkè kéékèèké, ẹ̀ka rẹ̀ á máa lọ́ bí ejò, ewé rẹ̀ á tóbi ju orí ènìyàn lọ. Inú ewé kọ̀ọ̀kan á sì ní ọnà tirẹ̀: ọ̀kan bí àwọ̀n, ọ̀kan tó-tò-tó, ọ̀kan bí ìpẹ́ ẹja. Nísàlẹ̀ igi, àgbọ̀nrín ń sá, ajá ń lé e, ehoro jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹyẹ orí ẹ̀ka tóbi ju àgbọ̀nrín lọ. Ta ló bìkítà?

Níbo ni igi yìí ti wá? Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ará Íńdíà ni Gẹ̀ẹ́sì wò kọ́, lára aṣọ òwú alárà tí East India Company, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1600, ń kó wá. John Irwin, tó ṣiṣẹ́ ní mùsíọ́mù Victoria and Albert ní London, tú ìwé àwọn oníṣòwò náà wò, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1643, àwọn ọ̀gá tó wà ní London kọ̀wé sí àwọn aṣojú wọn ní Surat. Wọ́n ní aṣọ ìtẹ́bùsùn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ń wá pẹ̀lú ilẹ̀ pupa tó ṣókùnkùn, kò sì tà dáadáa. Kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ funfun, kí òdòdó àti ẹ̀ka aláwọ̀ wà láàárín. Nígbà tó yá, wọ́n fi àwòrán pàápàá ránṣẹ́ láti London kí àwọn ayàwòrán Íńdíà lè rí ohun tí wọ́n ń wí. Àwọn yẹn wò ó, wọ́n yà á bí ọwọ́ wọn ṣe mọ̀ ọ́n yà, ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti Páṣíà àti Ṣáínà sì wọ inú rẹ̀. Ó wá padà dé London, àwọn ará London sì rí i pé nǹkan àjèjì tó rẹwà ni èyí, ará Íńdíà gidi. Ni wọ́n bá jókòó, wọ́n ń fi irun àgùntàn rán an.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó nínú kíláàsì mi yóò rántí pé èdè náà ń ṣe irú èyí. Faransé ní bougette, àpò awọ kékeré. Gẹ̀ẹ́sì yá a, ó di budget, ìtumọ̀ rẹ̀ sì yí láti orí àpò sí orí owó inú àpò. Faransé wá tún budget yá padà bí ẹni pé wọn ò pàdé rí. Aṣọ tiwa náà ńkọ́? Àwọn ará Netherlands ń fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé aṣọ alárà Jáfà, wọ́n gbé e dé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a fún un ní orúkọ, a ń fi ṣe aṣọ ẹbí. Ta ló máa dúró ní Dùgbẹ̀ láti sọ fún ìyá aláṣọ pé àǹkárá kì í ṣe tiwa?

Ìjà sì bá ọ̀rọ̀ igi àti òdòdó yìí dé. Aṣọ Íńdíà ń tà, ó dára, àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí, àwọn ahunṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì rí i pé oúnjẹ ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Òfin jáde ní 1700 pé kí wọ́n má kó irú aṣọ alárà bẹ́ẹ̀ wọ ìlú fún títà mọ́. Kò tó. Ní 1719, àwọn ahunṣọ jáde sí ìgboro London, wọ́n ń fa aṣọ ya mọ́ obìnrin tó bá wọ̀ ọ́ lára. Ní 1721, òfin mìíràn ní wíwọ̀ rẹ̀ pàápàá di èèwọ̀. Kíyè sí ẹni tí ìyà náà bà. Ọkùnrin ló ń kó o wọ̀lú, ọkùnrin ló ń tà á, ọkùnrin ló ń hun èyí tí kò tà; obìnrin ni wọ́n ya aṣọ mọ́ lára.

Nínú gbogbo àwọn obìnrin ọ̀rúndún yẹn tó fi crewel ṣe aṣọ ibùsùn, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn. Abigail Pett lorúkọ rẹ̀. Aṣọ ibùsùn rẹ̀ wà ní Victoria and Albert títí di òní, ó sì jẹ́ ti ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Igi wà níbẹ̀, ẹranko wà níbẹ̀, ohun tó sì ṣọ̀wọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ó fi òwú kan náà rán orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ìyẹn nìkan ló jẹ́ kí n lè pè é lórúkọ fún yín lónìí.

Nígbà tó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ibùsùn olópòó mẹ́rin ti ń lọ, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sì kúrò lórí aṣọ ìta, ó bọ́ sórí nǹkan kéékèèké inú pálọ̀: ìbòrí àga, àpótí ìtìsẹ̀, ìrọ̀rí. Ohun tí gbogbo obìnrin ń ṣe nígbà náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní Berlin wool work. Wọ́n ń ra bébà tí wọ́n ti pín sí igun kéékèèké, tí wọ́n ti kun àwọ̀ sí i láti Berlin, wọ́n á sì máa ka igun, wọ́n á máa gún un. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ò sí níbẹ̀, kìkì kíkà ni. Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti wọ inú ìtàn tí èmi gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè ò lè fò.

Victoria Welby ni. Òun ló dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ní London ní 1872, èyí tó wá di Royal School of Needlework. Ohun méjì ló ń wá: kí ìmọ̀ abẹ́rẹ́ àtijọ́, crewel náà wà nínú rẹ̀, má kú, àti kí àwọn obìnrin ọmọlúàbí tí owó ti tán lọ́wọ́ wọn rí iṣẹ́ tí wọn yóò gbowó lé lórí. Welby yìí kan náà ni, nígbà tó dàgbà, tó ń béèrè kí ni "ìtumọ̀" jẹ́ gan-an. Ó kọ ìwé What Is Meaning? ní 1903, òun àti Charles Peirce ará Amẹ́ríkà sì ń kọ lẹ́tà síra wọn lórí ọ̀rọ̀ àmì àti ìtumọ̀. Ọ̀pọ̀ yín ló kà nípa Peirce lọ́dọ̀ mi. Bí ìwé ìmọ̀ èdè bá dárúkọ Welby rárá, ìsàlẹ̀ ojú ewé ló sábà máa ń wà. Àwọn tó ń kọ ìtàn abẹ́rẹ́ náà kì í sábà dá ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ sí. Wọ́n pín obìnrin kan sí méjì, wọ́n gbé ìlàjì sínú ilé ìwé kọ̀ọ̀kan.

Ní Leek, ní Staffordshire, Elizabeth Wardle kó àwọn obìnrin jọ, bíi márùndínlógójì, ní 1885 àti 1886, wọ́n sì fi irun àgùntàn rán àwòkọ Bayeux láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wà ní mùsíọ́mù ìlú Reading báyìí. Ohun tí àwọn ti àkọ́kọ́ ò ṣe ni wọ́n ṣe: lábẹ́ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan rán, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ní 1885 yẹn kan náà ni May Morris, ọmọ ọdún 23, di olórí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀, William Morris. Ibẹ̀ ni oníbàárà ti lè ra ìbòrí ìrọ̀rí tí wọ́n ti rán parí, tàbí kó ra aṣọ tí wọ́n ti yàwòrán sí pẹ̀lú òwú rẹ̀, kó lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí rẹ̀ nílé. Sílíkì ni wọ́n sábà ń lò níbẹ̀, nítorí náà crewel kọ́. Àmọ́ títí di òní, irú àpò tí aṣọ, òwú àti abẹ́rẹ́ jọ wà nínú rẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ìrọ̀rí crewel wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ká ní ìrọ̀rí onígun mẹ́rin ni, 45 sẹ̀ǹtímítà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á gé ọ̀gbọ̀ náà tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí férémù gbọ́dọ̀ rí ibi dì mú, rírán náà sì máa ń fa aṣọ sún kì. Ọ̀gbọ̀ tó nípọn, tí ìlà ìhun rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ lọ, ló dára jù. Wọ́n á da àwòrán kọ ọ́, wọ́n á ta á sórí férémù títí yóò fi le bí awọ ìlù. Abẹ́rẹ́ crewel ní ẹnu mímú, ihò rẹ̀ sì gùn kí òwú nínípọn lè gbà á kọjá. Òwú tí wọ́n ń gé kò gbọdọ̀ gùn jù, ó pẹ́ tán kó tó 45 sẹ̀ǹtímítà, nítorí gbogbo ìgbà tó bá gba inú aṣọ kọjá ni irun rẹ̀ ń họ. Èyí tó gùn jù á ti tín-ín-rín kó tó tán. Wọn kì í ta kókó. Wọ́n á gún un ní ẹ̀ẹ̀mejì mẹ́ta lórí ìlà tí ọnà yóò bò, ìyẹn ti tó láti dì í mú.

Igi ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà ewé. Stem stitch fún ẹ̀ka: abẹ́rẹ́ á lọ síwájú, á padà sẹ́yìn díẹ̀, ẹsẹ̀ kejì á fara ti àkọ́kọ́ bí okùn tí a lọ́. Chain stitch náà wà, bí ẹ̀wọ̀n tó wọnú ara wọn. Iṣẹ́ àgbà ni long and short, níbi tí ẹsẹ̀ gígùn àti kúkúrú ti ń wọnú ara wọn kí àwọ̀ dúdú lè máa rọra di àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ nínú ewé kan ṣoṣo. Ẹni tó bá kánjú níbẹ̀, ewé rẹ̀ á dà bí àtẹ̀gùn. Bó bá parí, wọ́n á fi omi rin ín díẹ̀, wọ́n á fi píìnì kàn án mọ́ pákó kó na padà, kó gbẹ síbẹ̀. Wọn kì í fi áyọ́ọ̀nù tẹ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí ọ̀ṣọ́ irun àgùntàn ni pé ó yọ sókè tí ọwọ́ lè bà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rán ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á fi síìpù sí i.

Ọ̀tá rẹ̀ kan ṣoṣo ni kòkòrò tó ń jẹ irun àgùntàn. Nígbà tí Margaret Whiting àti Ellen Miller dá ẹgbẹ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ní Deerfield, ní Massachusetts, ní 1896, láti jí iṣẹ́ àwọn ìyá ńlá wọn dìde, ara aṣọ tí kòkòrò ti jẹ ni wọ́n ti ń da àwòrán kọ. Ni wọ́n bá yan òwú ọ̀gbọ̀ dípò irun àgùntàn. Àwòrán kan náà, ìránṣọ kan náà, òwú mìíràn: nípa òfin orúkọ, kì í ṣe crewel mọ́. Wọ́n fi àmì D tó wà nínú kẹ̀kẹ́ ìrànwú sára iṣẹ́ wọn. Àmì ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ti ẹni tó rán an.

Lónìí, púpọ̀ nínú ìrọ̀rí crewel tí ẹ ó rí ní ìsọ̀ London tàbí New York, Kashmir ni wọ́n ti ṣe é. Ọkùnrin ló pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é níbẹ̀. Ìkọ́ kékeré ni wọ́n ń lò dípò abẹ́rẹ́, tí wọ́n fi ń fa chain stitch jáde lórí aṣọ òwú, ó sì yá ju bí ẹnu ṣe lè sọ ọ́ lọ. Èyí ò yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Láyé àtijọ́, ọwọ́ ọkùnrin ni ọnà ara agbádá àti dàńdógó wà nílẹ̀ wa. Pé iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ jẹ́ ti obìnrin, ìròyìn tí àwọn míṣọ́nárì bá dé ni.

Nígbà tí David àti Anna Hinderer ti CMS dé Ìbàdàn ní 1853, aṣọ rírán wà lára ohun tí Anna fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1869, CMS ṣí ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin ní Èkó, abẹ́rẹ́ sì bá ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin rìn láti ìgbà náà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀, ẹ rántí píló kéèsì funfun tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ń gbé bọ̀ láti ilé ìwé: òdòdó ní igun kan, ẹ̀ka rẹ̀ jẹ́ stem stitch, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tó ní kéèyàn sùn dáadáa sì wà lábẹ́ rẹ̀. Òwú tiwa ni, kì í ṣe irun àgùntàn, nítorí náà kò sẹ́ni tó pè é ní crewel. Àmọ́ ìránṣọ yẹn kan náà ni ti Bayeux àti ti Abigail Pett.

Èyí tó bá sì jẹ́ ti ọmọ bọ́dìnnì, ẹ yí i sí òdìkejì kí ẹ wo etí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀, orúkọ àti ti bàbá, tó fi òwú pupa rán gbọnrangandan, nítorí pé mátírọ́ọ̀nù ti ní ohun tí kò bá lórúkọ, bó bá sọnù lórí okùn ìsáṣọ, kí ẹnikẹ́ni má wá bá òun.